Ta Ló Fún Wọn Láyè? Òògùn Olóró àti Àwọn Olóṣèlú Wa

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá síbí lónìí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó.

Àkọlé tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni "Àwọn Ọ̀dọ́ Wa àti Òògùn Olóró." Mo bẹ àwọn tó pè mí kí wọ́n jẹ́ kí n yí i padà, torí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ la ti ń sọ láti ọjọ́ yìí. Gbogbo ọjọ́ 26 oṣù kẹfà tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìdojúkọ òògùn olóró, a ó kó ọmọ iléèwé jọ, a ó wọ fáníìlà kan náà, a ó gbé pátákó kiri ìgboro, a ó sì máa sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé kó má mu igbó. Mi ò ní kí ẹ má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kọ́ ló gbin igbó náà. Òun kọ́ ló gbé e kọjá lójú ọlọ́pàá. Òun kọ́ ló ni ilé tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Àwọn àgbà ni, àwọn tó ní àṣẹ, àwọn tí à ń pè ní ọlọ́lá tí wọ́n bá wọlé ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mò ń ṣe. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa gbé ẹjọ́ òògùn olóró lọ, mo sì ti dúró fún olùjẹ́jọ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ irú èèyàn tí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òògùn olóró, máa ń mú wá. Ọ̀kan ni ọmọ tí wọ́n ká wíìdì mẹ́wàá, ìyẹn ìdì igbó, mọ́ lápò ní ẹ̀yìn gáréèjì. Èkejì ni ìyá alágbo tó ń ta páragà, tó rẹ igbó sínú ògógóró, tó sì tọ́jú tramadol, oògùn apàrora tí wọ́n ń ṣì lò, sísàlẹ̀ àpótí. Ẹ̀kẹta ni lébìrà tí wọ́n bá nínú ahéré lóko igbó, bóyá lápá Ọ̀wọ̀, bóyá lápá Ògbèsè, bóyá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí lébìrà yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọmọ ìlú. Wọ́n mú un wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n fún un ní àdá, gààrí àti ẹja gbígbẹ, wọ́n ní tí wọ́n bá kórè tán àwọn yóò sanwó fún un. Ó ń sùn sínú oko, efọn ń jẹ ẹ́, òjò ń pa á. Nígbà tí NDLEA dé, òun nìkan ni wọ́n bá. Tí adájọ́ bá bi í pé ta ló ni oko, yóò wo ilẹ̀. Orúkọ tó mọ̀ kò ju "Alhájì" tàbí "Ṣíámánù" lọ. Ṣíámánù ta ni? Kò mọ̀. Ó ní ẹnìkan ló máa ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ wá. Adájọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á rán lébìrà lẹ́wọ̀n, wọ́n á dáná sun oko. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, lébìrà mìíràn á dé. Ṣíámánù wà ní ìlú.

Ìdí tí wọ́n fi ń gbin ín kò le láti mọ̀. Kòkó á jẹ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, igbó kò tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń kórè rẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti kòkó lọ fíìfíì. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni ibi tí wọ́n ti ń gbin ín. Ọ̀pọ̀ nínú oko wọ̀nyí wà nínú rízáàfù, igbó kìjikìji tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba gba òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Tí bàbá àgbẹ̀ kan bá gé igi ìrókò kan ṣoṣo níbẹ̀, wọ́n á gbọ́, wọ́n á dé, wọ́n á gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni ẹnìkan ṣe wá fẹ́ ro ọ̀pọ̀ éékà ilẹ̀, kó gbin igbó, kó ro ó lẹ́ẹ̀kejì, kó kórè, kó sá a gbẹ, kó dì í sí àpò, kó fi ọkọ̀ kó o jáde, tí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ò ní mọ̀?

Wọ́n mọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, bá ọ̀gá àgbà NDLEA ìgbà náà, Muhammad Abdallah, lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe oògùn ìwòsàn. Gómìnà fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé gbogbo wa la mọ̀ pé Oǹdó ni ojúkò gbígbin igbó ní Nàìjíríà. Àwọn èèyàn bú u nígbà náà. Èmi ò bú u, torí òótọ́ ló sọ, àti pé kò burú kí ìlú jíròrò lórí ohun tí òfin yẹ kó ṣe sí i. Ohun tó ká mi lára ni pé gbogbo wa mọ ojúkò, síbẹ̀ a ò mọ ẹni kan ṣoṣo tó ni oko. Ìmọ̀ wo nìyẹn?

Ẹ má rò pé òfin kò le tó. Òfin wa ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní 1966, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tó bá gbin igbó, ikú ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Wọ́n mú ikú kúrò níbẹ̀ ní 1975. Ní 1984, ìjọba Buhari àti Idiagbon tún gbé òfin ikú dé fún àwọn tó ń gbé kokéènì àti heroin. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Kírìkírì nílùú Èkó: Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Ìgbà tí Owoh ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, òfin kò tíì ní kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe òfin tán, wọ́n wá fà á sẹ́yìn kó lè ká a mọ́. Gbogbo ìlú ló bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbọ́.

Ǹjẹ́ ọjà náà dáwọ́ dúró? Ó gbòòrò sí i débi pé ní 1989 ìjọba Babangida ní láti dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta tí wọ́n pa, alárù ni wọ́n. Títí di òní olónìí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ẹni tó gbé ẹrù náà rù wọ́n. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá tún jókòó, wọ́n fi ohùn dìbò pé kí òfin ikú padà wá fún àwọn tó ń ṣòwò òògùn olóró. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ikú jẹ ọmọ kékeré níyà, tí kò fẹ́ wádìí ẹni tó ni ọjà, ọjà náà ló ń dáàbò bò.

Ẹ wo bí ọjà ṣe ń rìn láti oko dé ìgboro. Láti apá Ọ̀wọ̀ dé Èkó, ẹ ka iye ibi tí ọlọ́pàá, sójà, kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn mìíràn ti ń dá ọkọ̀ dúró. Onímọ́tò tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ iye tó máa san ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gúnjẹ tí a ti gbà pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, tí a ń pè ní "owó omi," òun náà ni ọ̀nà tí àpò igbó ń gbà kọjá. Ọlọ́pàá tó ti gba igba náírà lọ́wọ́ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kò ní tú ẹrù ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wò. Gbogbo ohun tí ẹni tó ni igbó ní láti ṣe kò ju pé kó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ọjà rẹ̀ lọ.

Lókè lọ́hùn-ún, owó náà á wá tóbi sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2022, NDLEA kéde pé àwọn ń wá Abba Kyari, igbákejì kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tí gbogbo ìlú ti ń pè ní akọni, tó ti ṣe olórí IRT, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń lépa àwọn ọ̀daràn ńlá. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ NDLEA bá àwọn lọ́wọ́ sí i kí wọ́n pín kokéènì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn méjì tó gba pápákọ̀ òfurufú Enugu wọlé, kí wọ́n ta apá kan, kí wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Òun ní òun kò jẹ̀bi, mi ò sì ní ṣe adájọ́ fún ilé ẹjọ́. Àwọn méjì tó gbé ẹrù náà wọlé, wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, oṣù kẹfà ọdún yẹn kò tíì parí tí ilé ẹjọ́ fi rán wọn lẹ́wọ̀n. Ẹ ṣàkíyèsí bí ẹjọ́ alárù ṣe máa ń yára, àti bí tàwọn ọ̀gá ṣe máa ń falẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 18, wọ́n ká kokéènì tó tó tọ́ọ̀nù kan àti kílò ẹgbẹ̀rin mọ́ inú ilé kan ní Sólébò, Ìkòròdú. NDLEA ní owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 278 dọ́là. Kò sí ìgbà kankan rí tí wọ́n gba kokéènì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Nàìjíríà. Ìkòròdú kì í ṣe aginjù. Adúgbò ni, ó ní báálẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ onílé, ó ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní káńsílọ̀.

Mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń kùn pé kí n dé ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú. Mo ti dé bẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Buruji Kashamu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní 1998, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Chicago gba ẹ̀sùn wọlé pé ó lọ́wọ́ nínú kíkó heroin wọ ìlú wọn. Wọ́n mú un ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ìparí ọdún náà. Ó ní òun kọ́, ó ní àbúrò òun tó ti kú ni wọ́n ń wá. Ní 2003, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní òun kò ní fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, torí kò dá òun lójú pé Kashamu ni ẹni tí wọ́n ń wá. Ó padà sílé. Ó di ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ PDP ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Olóyè Obasanjo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìíní 2014 pé òun kò lè wà lábẹ́ irú aṣáájú bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ kò yí ohunkóhun padà. Ní 2015, ó wọlé sẹ́nétọ̀ Ìlà Oòrùn Ògùn. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2020 láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ kankan dá a lẹ́bi.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo pe òkú ní ọ̀daràn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀bi tí mò ń wò, tiwa ni. Ẹ̀sùn ńlá wà nílẹ̀ tó yẹ kó hàn gbangba bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì wo owó, ó wo èrò tó ń tẹ̀ lé e, ó ní òun ò fẹ́ mọ̀. Àwa olùdìbò náà ò fẹ́ mọ̀. Ó ń ṣe àánú, a ní ó ń ṣe dáadáa. Ilé ẹjọ́ ìbá ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, tí kò bá jẹ̀bi. Ìlú ìbá ti bọ́, tó bá jẹ̀bi. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, torí ìbéèrè náà kò bá ìdìbò mu.

Ìdìbò yìí ló wá gbé mi padà sí àdúgbò wa. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n dìbò, ẹ máa ń rí i pé àwọn ọmọ ìta á pọ̀ sí i, ojú wọn á pọ́n, ọwọ́ wọn á rọ̀. Ta ló ń bọ́ wọn? Wọ́n ń fún wọn lówó, ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè mú ọmọ ènìyàn gbé àdá lọ sí ibùdó ìdìbò láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n á fi ògógóró sí i, wọ́n á fi igbó sí i, wọ́n á fi tramadol 225 sí i, èyí tí òfin kò gbà rárá, torí miligíráàmù 100 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fi mọ. Ọlọ́lá fúnra rẹ̀ kì í pín in. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń pín in. Ìdìbò á parí, ọlọ́lá á wọ àgbádá, wọ́n á búra fún un, ọmọ náà á sì padà sí ẹ̀yìn gáréèjì pẹ̀lú ohun tó ti mọ́ ọn lára. Kò níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ní nọ́ńbà kan lórí fóònù rẹ̀.

Mo ti rí iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe. Mo lọ gba béèlì ẹnìkan ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, ọ̀rọ̀ òògùn olóró kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Bí mo ṣe jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin kan wọlé láti bọ́ǹkà, ibi tí wọ́n ti ń ta igbó tí wọ́n sì ń mu ún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kó. Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n tú àpò wọn síta. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó dàgbà jù, ẹ̀rù ò bà á rárá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n pe dádì." Wọ́n jẹ́ kó pè. Ó na fóònù sí ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀. Mo rí i tí ọkùnrin náà dìde kó tó gbé fóònù sétí, mo sì gbọ́ tó ń sọ pé "Yẹ́ẹ̀sì sà. Yẹ́ẹ̀sì sà. Kò sí wàhálà, sà." Wọ́n fún ọmọ náà ní bàtà rẹ̀, wọ́n fún un ní fóònù rẹ̀, wọ́n fún un ní nǹkan dúdú kan tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dì. Ó kí mi bó ṣe ń jáde, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà."

Ọmọ kan jókòó sílẹ̀ tì í tí kò ní ẹni tó máa pè. Ó ń wo ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ ti lọ. Wíìdì méjì ni wọ́n bá lára rẹ̀. Èmi ni mo padà dúró fún un ní kóòtù, lọ́fẹ̀ẹ́, torí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ni. Ohun tó wà nínú òfin fún ẹni tí wọ́n ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25. Adájọ́ ṣàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀wọ̀n. Bọ́ǹkà yẹn ṣì wà níbi tó wà. Mo kọjá níbẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ níbí.

Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. A máa ń sọ pé àwọn ará Íńdíà ló ń kó tramadol wá, pé àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ló ń kó kokéènì wá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn?

Àwọn tó bá ń rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ gbọ́ iye. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òògùn olóró, ṣe, tí wọ́n fi orúkọ ọdún 2018 pè, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo òògùn olóró láàárín ọdún kan. Ẹni kan nínú méje nìyẹn. Ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti gbogbo àgbáyé nígbà náà. Tiwa, ìdá 14.4. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ló ga jù, ìdá 22.4. Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan, ìdá 33. Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí ó máa ń dùn mí jù: nínú àwọn tó ti wọ̀ ọ́ lára jù, bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn fẹ́ gba ìtọ́jú, àwọn ò ríbi gbà á. Wọ́n fẹ́ jáwọ́. Ọ̀nà ò sí.

Ẹ bá mi ka ibi tí òbí lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò wà ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá wà l'Ékòó, àwọn mìíràn wà díẹ̀díẹ̀, àwọn aládàáni sì wà tí owó wọn ń ba ìyá ẹlẹ́kọ lẹ́rù. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwa yìí, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa ti hu koríko. Owó ń wọlé láti Àbújá lóṣooṣù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Tí ṣíámánù bá tún sọ fún wa pé owó ò sí, ẹ jẹ́ kó mú ìwé owó wá ká jọ wò ó. Owó tí wọ́n jẹ, tó yẹ kó sanwó nọ́ọ̀sì kan tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí òògùn ti wọ̀ lára, ó wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ní Kano, ní ọdún 2024, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò ìpínlẹ̀ wọn ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ du ipò ṣíámánù tàbí káńsílọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò òògùn olóró ná. Mo fẹ́ kí a béèrè irú rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ìtọ̀ inú ìgò nìkan kò tó. Ẹni tó ń rí owó lórí igbó kì í sábà mu ún. Ohun tó wà nínú báńkì rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n bá wá bá yín fún ìbò, ẹ bi wọ́n ní ojú gbogbo èèyàn: ta ló ń sanwó pósítà yín? Àwọn ọmọ tó ń sáré níwájú ọkọ̀ yín, kí ni wọ́n máa ń jẹ láàárọ̀? Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ onímọ́tò, ẹ̀yin báálẹ̀, ẹ mọ àwọn bọ́ǹkà tó wà ládùúgbò yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dákẹ́ nítorí pé ẹni tó ni wọ́n ń rán ìrẹsì sí yín lọ́dún, ẹ̀yin náà ti di ara wọn.

Àti ẹ̀yin agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa bi àwọn tó ń gbé ẹjọ́ wá ní kóòtù pé kí ló dé tí wọn ò ṣe ìwádìí ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀, ẹni tó ni nọ́ńbà tí wọ́n pè. Ó wà nínú fóònù tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kò gba ju kí wọ́n tàn án lọ.

Ìyá kan bi mí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ pé ọmọ òun ti ń mu "omi gọ́tà," àdàlù òògùn olóró, pé ṣé kí òun lọ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo ní kí n dáhùn níwájú gbogbo yín. Ẹ má fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, màmá. Aláìsàn ni. NDLEA ní nọ́ńbà tí wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, 0800 1020 3040, ẹ lè pè é lọ́sàn-án lóru, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn ló máa ń gbé e. Ẹ sọ fún wọn pé ìtọ́jú lẹ̀ ń wá. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Arò, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn tí a bá túká, ọkọ̀ mi á gbé yín lọ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó sọ orúkọ ẹni tó ń tà á fún un, àti orúkọ ẹni tí onítọ̀hún máa ń pè tí wọ́n bá mú un. Orúkọ kejì yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá fún mi.